Sàláàdì ẹja àrọ̀ ti Tháílándì: kí ló dé tí ẹja mi kì í wú?

Adánáwò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ìdáná. Yam pla duk fu ni mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀, sàláàdì ẹja àrọ̀ tí àwọn ará Tháílándì máa ń ṣe. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sí nìyí: wọ́n á ṣa ẹran ẹja kúrò lára eegun, wọ́n á gún un, wọ́n á gbọ̀n ọ́n sínú òróró gbígbóná títí tí á fi wú bí òwú, tí á sì máa rún wómúwómú lẹ́nu. Máńgòrò tí kò tíì pọ́n, àlùbọ́sà, ẹ̀pà àti omi kíkan alátá ló ń tẹ̀ lé e.

Ohun tí mò ń ṣe: mo ń bọ ẹja náà, mo ń lọ̀ ọ́ ní búléńdà, mo sì ń dín in nínú fráìpáànù tí òróró inú rẹ̀ kò jìn ju ìbú ìka kan lọ. Omi sàláàdì mi jẹ́ nam pla (omi ẹja oníyọ̀ ti Tháílándì) ṣíbí ìjẹun 3, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun 3, ṣúgà ṣíbí tíì 1.

Ibi tó ti ń bàjẹ́: ẹja kì í wú, ńṣe ló ń ṣù bí amọ̀, ó sì ń mu òróró bí kàn-ìn-kàn-ìn. Òróró náà máa ń ru sókè bíi pé ó fẹ́ bo iná. Èyí tó bá rún díẹ̀ pàápàá, kó tó lo ìṣẹ́jú márùn-ún lórí tábìlì, ó ti rọ̀, omi á sì ti kún ìsàlẹ̀ àwo. Omi sàláàdì náà, iyọ̀ á pọ̀ jù, mo á fún ọsàn sí i, á tún kan jù, mo á fi nam pla sí i, a ò ní parí.

Kí ni mò ń ṣì ṣe? Ṣé ọ̀nà kan sì wà téèyàn fi lè ṣe sàláàdì ẹja ti Tháílándì láìgbé òróró púpọ̀ kaná?

Ìyá Alágbada

O kú ìgbìyànjú. Ohun tí o kọ sílẹ̀ ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́: ẹja bíbọ̀, búléńdà, òróró tí kò jìn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi ni olórí ọ̀ràn.

Fu tó wà nínú orúkọ oúnjẹ yẹn, wíwú ló ń tọ́ka sí. Pla duk ni ẹja àrọ̀, yam sì ni sàláàdì tí wọ́n fi omi kíkan pò. Bí wíwú náà ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Fọ́nrán tín-ín-rín tín-ín-rín ni ẹran ẹja. Bí fọ́nrán kan tó ní omi díẹ̀ nínú bá bọ́ sínú òróró tó gbóná dáadáa, omi yẹn á di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, á ti fọ́nrán náà ṣí bó ṣe ń jáde, fọ́nrán á sì gan síbẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí ara wọn á kọ́ra, wọ́n á di bí àwọ̀n. Àwọ̀n yẹn là ń wá. Bí omi bá pọ̀ jù lára ẹja, á gba gbogbo ìgbóná òróró lọ́wọ́ rẹ̀. Òróró á tutù, ooru ò ní lágbára láti ti nǹkan kan, òróró á sì ríbi wọlé. Bí búléńdà bá sì ti sọ ẹja di pọ́tọ́pọ́tọ́, fọ́nrán ò sí mọ́. Kí ni yóò wá kọ́ mọ́ kí ni?

Yan ẹja náà, má bọ̀ ọ́. Ẹja àrọ̀ kan tó wọn nǹkan bíi 800 gíráàmù tó fún èèyàn mẹ́rin bí oúnjẹ mìíràn bá wà lórí tábìlì, tàbí èèyàn méjì bí kò bá sí. Fi iyọ̀ ra á kí yọ̀ọ̀yọ̀ọ̀ ara rẹ̀ lè bọ́, fọ̀ ọ́, nù ún gbẹ, kí o yan án lórí èédú tí kò jó fòfò, tàbí nínú ófùnù ní 200°C fún ìṣẹ́jú 35 sí 40. Ó ti jinná tó nígbà tí ẹran rẹ̀ bá ń ṣí kúrò lára eegun fúnra rẹ̀. Gbé e sórí irin tí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, má sì dé e. Ooru tí o bá dé mọ́ ọn, omi ni yóò padà dà sí i lára. Àwọn kan máa ń fi ooru omi sè é, kò sì burú, ṣùgbọ́n yíyan ń gbẹ ẹja, ó sì ń fún un ní òórùn èéfín tó bá máńgòrò mu.

Tó bá ti tutù, bó awọ rẹ̀, yọ ọ̀rá ikùn àti ibi dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn, kí o wá ṣa eegun. Ìka ni kí o fi wá a, má gbẹ́kẹ̀ lé ojú nìkan: eegun kékeré tó bá bá ẹja wọ òróró, bí abẹ́rẹ́ ló máa jáde. Ẹran tó máa kù á tó 280 sí 300 gíráàmù. Dì í sínú aṣọ mímọ́ kan, fún un dáadáa.

Odó ló kàn. Má gún un bí ẹni tó ń gún ata. Fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí o máa fi ọmọ odó lù ú, kí o máa fi ṣíbí yí i, títí tí yóò fi dà bí irun àgùntàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan, fún un pọ̀, kí o la ọwọ́. Bó bá tú ká, ó ti tó. Bó bá dúró gbirigbiri ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ, omi ṣì wà níbẹ̀: tẹ́ ẹ sórí àwo pẹrẹsẹ nínú ófùnù ní 100°C fún ìṣẹ́jú 15, kí o tú u lẹ́ẹ̀kan láàárín.

Òróró gbọ́dọ̀ jìn tó sẹ̀ntímítà 5. Nínú ìkòkò tó fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 20, lítà kan àbọ̀ nìyẹn. Kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìkòkò lọ, torí yóò ru bí ẹja tilẹ̀ gbẹ. Ohun tó ń dẹ́rù bà ọ́ gan-an nìyẹn, ìkòkò tó ga sì ni ìdáhùn rẹ̀. Iná tí o bá dín kù nítorí rẹ̀, ẹja ni yóò jìyà ẹ̀. Bó bá fẹ́ kún bolẹ̀ lóòótọ́, pa iná, má bu omi sí i láéláé.

Jẹ́ kí òróró gbóná dé 190°C. Bí o kò bá ní òṣùwọ̀n ìgbóná, ju fọ́nrán ẹja kan sí i: kó léfòó lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìfóòfó lára, kó sì pọ́n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 20. Bó bá kọ́kọ́ rì, ní sùúrù. Bó bá ti dúdú kí o tó kà dé 10, gbé ìkòkò kúrò lórí iná fún ìgbà díẹ̀.

Pín ẹja sí ọ̀nà mẹ́rin. Bu ìpín kan sínú àwo kékeré, máa gbọ̀n ọ́n wọlé yípo, má dà á lé ara wọn. Gbogbo ojú òróró á di ìfóòfó funfun, o ò ní rí ẹja rárá. Má fọwọ́ kàn án. Ka ìṣẹ́jú-àáyá 30. Nígbà tí ìfóòfó bá ń rọlẹ̀, tí o rí i pé àwọn fọ́nrán ti ń di ara wọn mú, fi asẹ́ onírin ti etí wọn wá sáàárín kó di pèpéle kan tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ tí a là. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀, yí i padà lẹ́ẹ̀kan péré, ìṣẹ́jú kan sí i. Yọ ọ́ nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá rí bí oyin, torí yóò máa dúdú lọ lẹ́yìn tó bá jáde. Gbé e ró lórí irin, kí òróró máa ro. Bí o bá tẹ́ ẹ sórí tíṣù, ooru abẹ́ rẹ̀ kò ríbi gbà, òun náà ló ń padà mú un rọ̀.

Kí òróró padà dé 190°C kí o tó gbọ̀n ìpín kejì sí i. Ibẹ̀ ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́: àkọ́kọ́ á dára bí nǹkan, ìkẹta á mu òróró.

Ẹlẹ́nu Dídùn

Ìyá ti kó ọ̀rọ̀ ẹja tán nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú omi sàláàdì.

Adánáwò, ẹ wo ìwọ̀n yín: nam pla àti ọsàn dọ́gba, ṣúgà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí níbẹ̀. Ẹja wẹ́wẹ́ inú òkun àti iyọ̀ ni wọ́n ń rẹ pọ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí omi rẹ̀ tó di nam pla. Iyọ̀ gidi ni ẹ̀ ń bù. Ẹ tún gbàgbé pé máńgòrò náà kan. Kíkan méjì ló pàdé nínú àwo yìí, nítorí náà ẹ tọ́ máńgòrò wò kí ẹ tó fún ọsàn kankan.

Fún ẹja tí Ìyá ṣàlàyé yẹn: nam pla ṣíbí ìjẹun 2, ṣúgà ọ̀pẹ ṣíbí ìjẹun kan àbọ̀ (bíi 20 gíráàmù), omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣíbí ìjẹun 1, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun 2 bí máńgòrò bá kan gan-an, 3 bí kò bá fi bẹ́ẹ̀ kan. Ata wẹ́wẹ́ 3 sí 5, kí ẹ gé e róbótó róbótó. Prik khi nu ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ata ìgbẹ́ eku, nítorí bó ṣe rí. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn lé yín sá.

Ẹ kọ́kọ́ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ yo ṣúgà, ẹ da nam pla sí i, kí ó tutù pátápátá, kí ẹ tó fún ọsàn sí i. Ọsàn tó bá bọ́ sínú nǹkan gbígbóná, òórùn rẹ̀ á fò lọ, kíkan nìkan ló máa ṣẹ́ kù. Ẹ má sì fún un títí tí èèpo rẹ̀ á fi máa sunkún, inú èèpo ni kíkorò wà. Omi ọsàn inú ìgò tí wọ́n tà fún ọ̀pọ̀ oṣù kò wúlò fún iṣẹ́ yìí rárá.

Ẹ má fi ṣíbí tọ́ ọ wò. Ẹ ki fọ́nrán máńgòrò kan bọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ ẹ́. Lórí ahọ́n lásán, ó gbọ́dọ̀ le ju bó ṣe yẹ lọ, torí ẹja tí kò níyọ̀ àti máńgòrò ni yóò rọ̀ ọ́ lójú. Ọ̀rọ̀ "a ò ní parí" tí ẹ sọ yẹn: bí iyọ̀ bá pọ̀, ọsàn kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ṣúgà ṣíbí tíì kan ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i, tàbí kí ẹ fi máńgòrò kún un. Bó bá kan jù, ṣúgà náà ni. Nam pla ni ẹ óò fọwọ́ kàn kẹ́yìn, torí ohun tí iyọ̀ bá ti wọ̀, ẹ ò lè yọ ọ́.

Bí kò bá sí ṣúgà ọ̀pẹ, ṣúgà aláwọ̀ ilẹ̀ ṣíbí ìjẹun kan péré tó, ó dùn jù ú lọ. Oyin máa ń sọ gbogbo rẹ̀ di oyin, ẹ fi sílẹ̀.

Máńgòrò: kan ṣoṣo tó wọn bíi 300 gíráàmù, tó le gbagidi, tí inú rẹ̀ ṣì funfun. Èyí tó ti ń pọ́n lápá kan kò dára, ó ti rọ̀, ó sì ti ń dùn. Ẹ bó o, ẹ fi ọ̀bẹ gé e lójú léraléra bí ẹni ń kọ ilà, kí ẹ wá fẹ́ ojú ibẹ̀ kúrò. Àwọn fọ́nrán bíi mìlímítà 2 sí 3 ni yóò máa já bọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún nìyẹn, ó sì sàn ju ohun ìrin lọ, torí ohun ìrin ń tẹ máńgòrò nípá, omi rẹ̀ á jáde kí ó tó dé inú àwo. Bí kò bá sí máńgòrò, ápù aláwọ̀ ewé tó kan lè dípò rẹ̀. Inú omi tí ẹ kán ọsàn sí ni kí ẹ máa gé e bọ̀ kó má baà dúdú, kí ẹ sì nù ún gbẹ kí ẹ tó lò ó.

Omi tó ń kún ìsàlẹ̀ àwo yín kì í ṣe ti ẹja nìkan. Iyọ̀ àti ṣúgà tó bá kan máńgòrò àti àlùbọ́sà, wọ́n á máa fa omi inú wọn jáde láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Kò sí ọgbọ́n tó lè dá a dúró. Nítorí náà, àwo ẹja ọ̀tọ̀, abọ́ máńgòrò ọ̀tọ̀, omi sàláàdì ọ̀tọ̀. Orí tábìlì ni wọ́n ti máa pàdé.

Ọmọ Odó

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Ìyá sọ, àfi pé ẹja àrọ̀ nìkan kọ́ ló ń gba iṣẹ́ yìí. Ẹja tìlápíà náà dára, pla nin ni wọ́n ń pè é. Inú omi wọn kọ́ ló ti ṣẹ̀ wá o: 1965 ni Akihito, tó jẹ́ ọmọ ọba Japan nígbà yẹn, fi 50 ránṣẹ́ sí Ọba Bhumibol, ibẹ̀ ni wọ́n ti sin ín tó fi di ẹja gbogboògbò. Fọ́nrán rẹ̀ kúrú ju ti ẹja àrọ̀ lọ, kì í fẹ́ kọ́ra. Fún 250 gíráàmù ẹja tìlápíà, ẹ fi èérún búrẹ́dì gbígbẹ ṣíbí ìjẹun 2 pò ó kí ẹ tó dín in. Á kọ́ra.

Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú salmon, ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ jù, kò ní wú. Tuna inú agolo tí wọ́n fi omi kún (kì í ṣe olóróró) ń wú dáadáa bí ẹ bá fún un gbẹ bí ẹni fún aṣọ.

Agolo tí mo dárúkọ yẹn rán mi létí: yam pla krapong wà, sàláàdì ẹja inú agolo, oúnjẹ ilé gan-an ni lọ́dọ̀ wọn. Ẹja mákẹ́rẹ́ẹ̀lì olómi tòmátì ni, ẹ ó là á sí wẹ́wẹ́, ẹ ó fi àlùbọ́sà, ewé tíì (kooko ọba) tí ẹ rẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ata wẹ́wẹ́ àti ọsàn sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti délẹ̀. Nam pla ṣíbí tíì kan péré, iyọ̀ ti wà nínú agolo. Ìdá kan nínú mẹ́ta ìsàlẹ̀ ewé tíì nìkan ni kí ẹ lò, kí ẹ bó ìpele òde méjì dànù, torí òkè rẹ̀ kò ṣeé jẹ, bí ìgbálẹ̀ ló rí lẹ́nu.

Ìyá Alágbada

Ọmọ Odó, èérún búrẹ́dì fún tìlápíà, mo gbà. Fún ẹja àrọ̀, mi ò gbà. Ẹja tó gbẹ tó, tí wọ́n lù dáadáa, kò nílò nǹkan tí yóò dì í mú. Bí èérún bá sì wọ̀ ọ́, adùn búrẹ́dì dídín lẹnu máa kọ́kọ́ pàdé.

Adánáwò

Ẹ ṣeun gan-an, Mà, ẹ̀yin yòókù náà ẹ ṣeun. Yíyan, odó, ìkòkò gíga, ó ti yé mi. Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn ti sàláàdì tí kò ní dídín nínú. Ìkejì, mo rí i níbì kan pé wọ́n ń da omi ọsàn lé ẹja tútù lórí, ẹja á funfun, wọ́n á ní ọsàn ti sè é. Ṣé ó ṣeé ṣe pẹ̀lú ẹja odò?

Baba Láàbù

Ìbéèrè kejì rẹ ni mo máa kọ́kọ́ mú, torí ẹ̀mí wà níbẹ̀. Rárá. Omi ọsàn ń yí àwọ̀ ẹja padà, ó ń mú un le díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pa aràn inú rẹ̀. Ní Isan, apá ìlà-oòrùn àríwá Tháílándì, àti ní Láọ̀s tó bá a pààlà, àwọn kan máa ń jẹ koi pla, ẹja odò kéékèèké tí wọ́n gé tútù. Aràn ẹ̀dọ̀ kan, Opisthorchis viverrini, ń ti ibẹ̀ wọlé. Ó máa ń gbé nínú ọ̀nà òróòro fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń fa jẹjẹrẹ níbẹ̀. IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti kà á mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa àrùn náà láti 1994. Ata kò pa á, nam pla kò pa á. Iná ló ń pa á. Se ẹja odò jinná, kí àárín rẹ̀ dé 63°C ó kéré tán, kó máa ya ní ìpele ìpele, kó má sì ní ibi tó ṣì ń dán bíi dígí.

Ní ti ìkíní, laap pla ni ìdáhùn. Isan náà ló ti wá. Òróró kò wọ̀ ọ́ rárá. Ohun tó sì sọ ọ́ di laap ni khao khua, ìrẹsì yíyan tí wọ́n gún. Bí o bá fò ó, ẹja tí wọ́n fún ọsàn lé lásán lo ṣe.

Mú ìrẹsì tútù tó máa ń lẹ̀ mọ́ra, khao niao, ṣíbí ìjẹun 3. Dà á sínú fráìpáànù gbígbẹ lórí iná tó rọlẹ̀, kí o máa rò ó láìdúró fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Á kọ́kọ́ funfun bí ẹfun, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, lẹ́yìn náà á wá pupa bí awọ ẹ̀pà. Ibẹ̀ ni kí o ti dá a dúró, òórùn rẹ̀ á ti gba inú ilé. Iná tó bá pọ̀ á jó ẹ̀yìn rẹ̀, inú á sì wà ní tútù, eyín ló máa sọ fún ọ. Jẹ́ kó tutù, gún un kó dà bí yanrìn tí kò kúnná. Bó bá kúnná bí ìyẹ̀fun, ńṣe ni yóò sọ sàláàdì di lẹ́ẹ̀. Ìrẹsì lásán ṣeé lò bí èyí tó ń lẹ̀ kò bá sí, àmọ́ ó máa ń le jù lábẹ́ eyín, nítorí náà gún tirẹ̀ kúnná díẹ̀ sí i.

Ẹja, 400 gíráàmù ẹran tí kò léegun. Ẹja àrọ̀ yíyan dára jù. Bí o kò bá fẹ́ yan án, fi ooru omi sè é fún ìṣẹ́jú 8 sí 10, kí o ro omi rẹ̀ dànù. Fi ọwọ́ ya á sí ìwọ̀n orí àtàǹpàkò, má rún un. Nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, da nam pla ṣíbí ìjẹun 2, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ìjẹun 3, ata gbígbẹ tí o yan tí o sì gún ṣíbí tíì 2 sí i. Ṣúgà? Ìmúnu kan péré, tàbí kí o fi í sílẹ̀ pátápátá. Laap ti Isan kì í dùn, kíkan àti iyọ̀ ló ń ṣáájú nínú rẹ̀. Àlùbọ́sà pupa kéékèèké 4 tí o rẹ́, àlùbọ́sà eléwé 2, ewé míńtì ẹ̀kún ife kan. Bí o bá rí koriáńdà eléwé gígùn tí etí rẹ̀ ní eyín bí ayùn, pak chi farang, òun gan-an ló yẹ kó wọ̀ ọ́.

Khao khua ṣíbí ìjẹun 2 ló ń wọlé kẹ́yìn, nígbà tí o bá ti ń gbé àwo lọ. Ó ń mu omi: bó bá tètè wọlé, á wú, kò ní rún mọ́, sàláàdì á sì gbẹ. Bí ìyẹn bá ti ṣẹlẹ̀, ọsàn ṣíbí ìjẹun kan àti omi díẹ̀ lè gbà á là, ṣùgbọ́n rírún ti lọ. Khao khua tó bá ṣẹ́ kù, inú ìgò tó dé dáadáa. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni òórùn rẹ̀ ń gbé, nítorí náà má ṣe é púpọ̀.

Khao niao, kábéèjì tútù àti kùkúńbà ni wọ́n ń fi í jẹ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣù ìrẹsì náà kí wọ́n tó fi bù ú.

Adánáwò

Ẹ ṣé, Bàbá. Ọ̀rọ̀ aràn yẹn ti dé etí mi, kò ní kúrò níbẹ̀. Ọ̀kan péré ló kù fún Ìyá Alágbada: ìrọ̀lẹ́ ni àlejò ń bọ̀, ọ̀sán ni mo ní àyè. Kí ni mo lè ṣe sílẹ̀ nínú ti dídín?

Ìyá Alágbada

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹja yíyan tí o ti ya, tí o ti lù, ṣeé gbé sínú fíríìjì láti òru àná, láìdé e pinpin, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tilẹ̀ máa bá ọ gbẹ ẹ́ sí i. O sì lè dín in lọ́sàn-án. Jẹ́ kó tutù porogodo kí o tó kó o sínú agolo tó dé dáadáa. Èyí tí o bá kó síbẹ̀ ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́ á làágùn. Kí àlejò tó jókòó, tò ó sínú ófùnù ní 160°C fún ìṣẹ́jú 4 sí 5, á padà rún bíi tàárọ̀.

Omi sàláàdì: yo ṣúgà sínú nam pla lọ́sàn-án, ọsàn di ìrọ̀lẹ́. Máńgòrò: gé e ní wákàtí kan sílẹ̀, tẹ́ ẹ sórí aṣọ gbígbẹ nínú fíríìjì, má fi iyọ̀ kàn án. Ẹ̀pà, 50 gíráàmù, yan án lọ́sàn-án, là á sí méjì-méjì, má lọ̀ ọ́. Bí àlejò kan kò bá lè jẹ ẹ̀pà, béèrè bóyá ó lè jẹ kajú. Bí kò bá lè jẹ èyíkéyìí, fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá, ẹja fúnra rẹ̀ ti rún tó.

Òróró tó ṣẹ́ kù, sẹ́ ẹ nígbà tó bá tutù. Ẹja nìkan ni o lè tún fi dín, ẹ̀ẹ̀kan sí i, torí òórùn rẹ̀ kò ní jẹ́ kí nǹkan mìíràn gbádùn. Bó bá ti ń rú èéfín kó tó dé 190°C, dà á nù.

Bí o bá ń gbé e kalẹ̀: pèpéle ẹja lórí àwo pẹrẹsẹ, máńgòrò, àlùbọ́sà, ata, ewé koriáńdà àti ẹ̀pà nínú abọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti jókòó, da omi sàláàdì sínú abọ́ máńgòrò, pò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí o wá bù ú lé ẹja lójú wọn. Ẹja tí omi kò tíì kàn ní etí àwo yẹn, àwọn ọmọdé ló máa kọ́kọ́ já a.